Gàárì Mẹ́fà fún Páìpù Kan

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ kiri bí kò ṣe rí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé mo fi ẹ̀bà mọ ògiri ní Eliozu. N kò fi ẹ̀bà mọ ògiri. Gààrí ni. Páìpù sì ni mo fi gbé ró, kì í ṣe ògiri. Pé ó di ẹ̀bà lẹ́yìn náà, ọwọ́ òjò ni, kì í ṣe ọwọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́, kó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọdún 1999 ni èmi àti ọkọ mi kó dé Port Harcourt. Iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ló gbé e débẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní Ṣágámù tẹ́lẹ̀, mo rí iṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ọmọ wa obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí a bí, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Òkè ilé alájà kan ní Eliozu ni a gbà. Ọkọ mi ti lọ sinmi báyìí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ ti lọ sílé ọkọ ní Abẹ́òkúta, èmi sì wà lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì náà síbẹ̀. Wọ́n a máa bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀ tí n kò padà sílé. Ìdáhùn mi kò gùn: ibẹ̀ ni ilé mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ obìnrin tó ń ta tòmátì tí kì í fi èyí tó ti rà pamọ́ sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí mo kọ́ ní ìwé ti ń pàdé mi lójú ọ̀nà, tí wọ́n á kí mi ní ẹ kú àárọ̀ lọ́sàn-án gangan, tí èmi á sì dá wọn lóhùn ní ẹ kú ọ̀sán kí wọ́n lè mọ̀.

Àléébù kan ni mo ní, orúnkún mi òsì. Mo lè sọ̀kalẹ̀ kí n sì gòkè lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, bí mo bá di irin àtẹ̀gùn mú, ṣùgbọ́n n kò lè gbé nǹkan kan dání. Ọmọ mi mọ̀. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé, “Mọ́mì, ọjọ́ tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ yẹn pọnmi gun àtẹ̀gùn, ọjọ́ náà ni màá wá kó yín. Mi ò ní bá yín jiyàn. Màá kàn kó yín ni.”

Mo ní, “A kì í kó ìyá ẹni, ọmọ mi. Ẹrù là ń kó. Ìyá ẹni, à ń mú un lọ ni.”

“Mọ́mì, ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ.”

Mo gbọ́. Ohun tó ń sọ ni pé níwọ̀n ìgbà tí omi bá ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ lókè, mo wà ní ilé mi. Ọjọ́ tí kò bá yọ mọ́, mo di ará Abẹ́òkúta.

Inú kànga ẹ̀rọ lẹ́yìnkùlé ni omi náà ti ń wá. Pọ́ǹpù á fà á, á gba inú páìpù irin kan tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, á gun ara ògiri lọ sínú táǹkì lórí òrùlé. Ohun tó so páìpù náà mọ́ ògiri ni irin pẹlẹbẹ mẹ́fà, tí wọ́n tẹ̀ bí afárá kékeré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní etí méjì. Páìpù á wà lábẹ́ afárá, ìṣó tí à ń yí wọlé á gba etí kọ̀ọ̀kan wọnú ògiri. Gbogbo ọdún tí mo fi gbé ibẹ̀, n kò wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń di nǹkan mú kì í pariwo. Ìgbà tó bá jáwọ́ la tó ń mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń ṣe.

Òjò Port Harcourt kì í rọ̀ kó fi ibì kan sílẹ̀. Ó jẹ àwọn irin náà díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dípẹtà. Èkíní já bọ́ sínú agbada ẹja. Obìnrin Ikwerre kan tó ń yan ẹja tà ló wà nísàlẹ̀ apá òsì ilé wa, ó sì ń to ẹja rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí irin náà bọ́ sáàárín wọn.

“Mama Tisha! Na you dey stone me?”

Mo yọjú lójú fèrèsé, mo ní kò sẹ́ni tó sọ̀kò, irin ló já láti ara ògiri. Ó gbé e sókè, ó wò ó níwá lẹ́yìn. “So iron sef don tire for this country,” ló wí, ó sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, gbogbo wọn ti já. Mo ṣà wọ́n jọ sínú agolo mílíìkì kan, mo sì kọ ọ́ sí i lára pé: Mẹ́fà. Ó pé.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń tan jẹnẹrétọ̀ ilé wa kí a lè tan pọ́ǹpù, nítorí iná ìjọba kò ní àkókò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìkẹfà já, bí pọ́ǹpù ṣe dún báyìí, páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ó ń gbá ara ògiri gbà, gbà, gbà. Níbi tó ti wọ táǹkì, ó ń yọ, ó ń wọlé, omi ń tú dà sílẹ̀, díẹ̀ ló ń kán sínú táǹkì. Gbogbo wa jáde síta, a ń wò ó.

Ọlọ́pàá kan tó jẹ́ ará Èkìtì ló ń gbé ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin tó sanra ni, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ọ̀gá rẹ̀ ló pè é lórí fóònù nígbà náà, ariwo kò sì jẹ́ kó gbọ́rọ̀. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó di ọwọ́ kan mọ́ etí, títí ó fi fẹ̀yìn ti páìpù náà láìmọ̀. Páìpù dákẹ́ wẹ́lo. A gbọ́ tí omi ń ṣàn sínú táǹkì. Ó kúrò níbẹ̀, ariwo tún sọ. Ó padà, ó dákẹ́.

Mo ké láti òkè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kúrò níbẹ̀.”

Ó bo ẹnu fóònù. “Mà, ọ̀gá mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o.”

“Ẹ bá a sọ ọ́ níbẹ̀.”

Ó bá a sọ ọ́ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Táǹkì kún.

Lọ́jọ́ kejì, mo ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ páìpù kan ní Rumuokwurushi. Ó wo ògiri, ó wo inú agolo mi, ó ní sádù mẹ́fà ni a nílò. Mo ní kó tún un pè. Ó ní, “Saddle, Mama. Saddle.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè mi, nítorí n kò fẹ́ràn kí nǹkan wà nínú ilé mi kí n má mọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá. Gàárì ni. Gàárì ẹṣin. Mo padà sójú fèrèsé, mo wo páìpù náà títí. Gàárì a máa wà lórí ẹṣin, ènìyàn á wà lórí gàárì. Níbí, orí páìpù ni gàárì máa wà. Páìpù ni ẹṣin nígbà náà, kò sì sí ẹni tó gùn ún. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà, gàárì ni mò ń pè é, mo sì kọ́ ọlọ́pàá àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú.

Oníṣẹ́ páìpù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ tó fi ń lu ògiri jáde nínú àpò rẹ̀ ni onílé wa dé. Bàbá Ikwerre tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni, tó ń fi ọ̀pá rìn, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé náà ní àwọ̀ ìyeyè ni. Kò sí ohun tí bàbá yìí kórìíra tó ihò lára ògiri. Ó ti sọ fún wa lọ́pọ̀ ìgbà pé ilé rẹ̀ àkọ́kọ́, ihò tí ayálégbé kan lu nítorí kàlẹ́ńdà ló wó o. N kò lè jẹ́rìí sí i. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ẹ̀rọ náà lórí.

“Nobody go put hole for my wall.”

Mo ní, “Bàbá, ihò wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.” Pijin ni mo fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi tó dáa kó lè mọ̀ pé mo bọ̀wọ̀ fún un.

“Then use the old one,” ni ó wí. “Old hole na my hole. New hole na your own. I no want your hole for my house.”

Oníṣẹ́ páìpù wọn àlàfo tó wà láàárín àwọn ihò àtijọ́ náà. Ó ní irú gàárì tí etí rẹ̀ jìnnà síra báyẹn, ayé àtijọ́ ni wọ́n ń ṣe é, kò sí i lọ́jà mọ́ nílùú yìí. Ó kó ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn tí mo fi mú káàdì ńlá kan, mo fa ìlà sí i, mo sì kọ àtẹ iṣẹ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wa la fẹ́ omi, gbogbo wa la ní ẹ̀yìn. Ọlọ́pàá mú ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé òun ló fẹ̀ jù. Ẹlẹ́ja mú méjì, ìyàwó ọlọ́pàá mú ọ̀kan. Èmi mú ọjọ́ Ìsinmi. Èmi tí ìjọba ní kí n fẹ̀yìn tì, páìpù ni mo wá ń fẹ̀yìn tì. Mo kọ òfin díẹ̀ sísàlẹ̀ àtẹ náà: ẹ̀yìn ni kí ẹ lò, kì í ṣe èjìká, ẹni tó bá fẹ́ sín, iwájú ni kó sín sí, ẹni tí iṣẹ́ bá gbé lọ, kó wá ẹni tí yóò fi ẹ̀yìn rẹ̀ dípò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ó lè dà bí ìsọkúsọ létí yín. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ó fi wá dà bíi pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń fa omi. Ọlọ́pàá a máa ka ìwé ẹjọ́ níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa já ẹ̀fọ́. Àlejò á wọlé, á bá ènìyàn lẹ́yìn ilé tó fi ẹ̀yìn mọ́ ògiri, á kí i, kò sì ní bèèrè, nítorí pé ẹni náà kò ṣe bí ẹni tó ń ṣe nǹkan àrà.

Ohun tó bà á jẹ́ ni pé wọ́n gbé ọlọ́pàá lọ ṣọ́ ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tó wà lápá Oyigbo fún oṣù kan. Oyún ìyàwó rẹ̀ sì ti tó oṣù mẹ́jọ, kò sí ẹni tó lè ní kó dúró ti páìpù mọ́. Ó wá ku èmi àti ẹlẹ́ja. Mo rántí pé ọkọ ọmọ mi ń kọ́ ilé lọ́wọ́, ó sì máa ń lọ sí ọjà àwọn onírin ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ní ohun àtijọ́ àti ohun tuntun. Mo mú fóònù mi kékeré onítọ́ọ̀ṣì, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ mi:

“Ba mi ra gaari mefa, eyi to tobi. Ti ibi yii ko ba a mu. Ile yii ko see gbe mo laisi re. Ma je ki o pe.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi ránṣẹ́. Kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀. Àmì ohùn nìkan ni kò sí, nítorí pé fóònù náà kò ní in. Èmi kan náà tí mo ti fa igi pupa gba inú ìwé àìmọye ọmọ kọjá nítorí àmì ohùn, mo tẹ ẹ, mo sì fi sílẹ̀.

Ìdáhùn dé: “Momi, mefa? Se e n jeun sa?”

Mo rò pé ó kàn ń kí mi ni. Mo dá a lóhùn pé: “Mo n jeun daadaa. Mefa ni. Okookan won ni aaye tire lara ogiri.”

Kò fèsì mọ́. Mo ní ó ti yé e.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ṣe ń súnmọ́, ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọmọ mi ló sọ̀kalẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí lójú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ó gun àtẹ̀gùn, ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ mi, kò sì tètè fi mí sílẹ̀. Nísàlẹ̀, mo ń gbọ́ tí awakọ̀ ń ju nǹkan sílẹ̀. Gbì. Gbì. Gbì.

“Kí nìyẹn?”

“Gààrí yín ni, Mọ́mì. Gààrí Ìjẹ̀bú. Àpò mẹ́fà, èyí tó tóbi.”

Mo yọjú wo ìsàlẹ̀, mo ka àwọn àpò náà. Mẹ́fà. Ó pé.

Ó mú mi jókòó. “Mọ́mì, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Láti ìgbà wo ni ebi ti ń pa yín?”

“Ebi ò pa mí.”

“Ẹni tí ebi ò pa ló ń sọ pé ilé ò ṣe é gbé láìsí gààrí? Ẹni tí orí ẹ̀ pé ló ń to àpò mẹ́fà mọ́ ara ògiri, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tiẹ̀? Mo ti tọ́jú yàrá yín sílẹ̀. Ẹ ẹ̀ ní dá gbé mọ́.”

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé. Ìgbà náà gan-an ni jẹnẹrétọ̀ dún. Aago mẹ́fà ti lù, ẹlẹ́ja ti tàn án, pọ́ǹpù sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ọlọ́pàá ni, ọlọ́pàá sì wà ní Oyigbo. Ẹja wà lórí iná ẹlẹ́ja, kò lè fi í sílẹ̀. Èmi ti sọ̀kalẹ̀ tí mo sì ti gòkè tèmi fún ọjọ́ náà. Páìpù sì ti bẹ̀rẹ̀, gbà, gbà, gbà.

Mo ní, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, sáré lọ fi ẹ̀yìn ti páìpù yẹn fún mi. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n péré. Bí o bá fẹ́ sín, iwájú ni kí o sín sí.”

Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo tọ́ ni, ó lọ.

Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ẹlẹ́ja ló ń kọ́ ọ, pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ná lọ́wọ́: “Madam, shift small. No be shoulder. Na back. Ehen. Now relax like person wey don chop.” Ọmọ mi fi aṣọ ìrìn-àjò rẹ̀ lẹ̀ mọ́ páìpù, ó gbé fóònù sétí, ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ gbé ohùn rẹ̀ wá bá mi: “Ó ju bí a ṣe rò lọ. Wọ́n ní kí n fẹ̀yìn ti páìpù… Rárá, mi ò ṣàwàdà… Mò ń fẹ̀yìn tì í báyìí.”

Nígbà tí táǹkì kún tó gòkè padà, mo gbé agolo mílíìkì mi kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo da àwọn irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì. “Èyí ni mo ní kí o rà. Gàárì. Dò, mí, dò. Gàárì tí wọ́n ń dì sẹ́yìn ẹṣin. Ìwọ ra gààrí. Dò, dò, mí. Gbọ́ ọ dáadáa: gàárì, gààrí.”

Ọmọ tó dàgbà sáàárín Pijin ni. Ó tẹ́tí, ó dijú pàápàá. “Mọ́mì, ìkan náà ni mò ń gbọ́.”

“Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni. Mo kọ ọ́ láìsí àmì.”

Ó wo àwọn irin náà, ó wò mí, ẹ̀rín sì gbá a mú títí tí ó fi di ikùn mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti tán. Ó nu ojú rẹ̀.

“Ó dáa. Orí yín pé. Ṣùgbọ́n orúnkún yín ò pé, páìpù yín náà ò sì pé. Ilé tó jẹ́ pé èèyàn ló ń di páìpù ẹ̀ mú kọ́ ni màá fi ìyá mi sí. Bí gbogbo wọn bá rìnrìn-àjò ńkọ́? Ẹ máa pọnmi. Mo mọ̀ yín. Ọjọ́ Ajé ni mò ń padà. Tí páìpù yẹn bá dúró títí di ọjọ́ Ajé láìsí èèyàn kankan tó dì í mú, ẹ jókòó sílé yín. Tí ò bá dúró, à ń jọ lọ ni.”

“Láìsí èèyàn kankan?”

“Láìsí èèyàn kankan.”

Olùkọ́ ni mí. Mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín “láìsí ènìyàn” àti “láìsí nǹkan.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo pe àwọn lébìrà méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹlẹ́ja ni ọ̀gá iṣẹ́. Wọ́n to àwọn àpò gààrí náà lé ara wọn lẹ́yìnkùlé, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ páìpù gírígírí, tó fi jẹ́ pé páìpù wà láàárín ògiri àti gààrí bí ẹran inú búrẹ́dì. Ní aago mẹ́fà, a tan pọ́ǹpù. Ọmọ mi káwọ́ gbera. Páìpù kùn díẹ̀, bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, ó sì dákẹ́. Lókè, omi yọ lẹ́nu ẹ̀rọ mi.

Gààrí ń ṣe iṣẹ́ gàárì. Ọmọ mi ní ìrẹ́jẹ ni. Mo ní kó ka ohùn ẹnu rẹ̀ padà fún mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni òjò dé. Kì í ṣe àsìkò rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òjò Port Harcourt kì í wo kàlẹ́ńdà. A kò ní tapólì tí a ó fi bò wọ́n. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wo àwọn àpò náà bí wọ́n ṣe ń mu omi. Ẹ mọ ohun tí gààrí Ìjẹ̀bú ń ṣe nínú omi. Àwọn àpò náà wú, wọ́n wú, ikùn wọn yọ síwájú bíi ti ọlọ́pàá wa. Gààrí gba ojú àpò jáde, ó yí páìpù po, ó sì dì. Nígbà tó di aago mẹ́fà tí a tan pọ́ǹpù, páìpù kò kùn rárá. Láti ìgbà tí ilé náà ti wà, n kò rò pé páìpù yẹn dúró tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Garri pass cement,” ni ẹlẹ́ja wí.

Ìmú ọmọ mi ń ṣiṣẹ́, tèmi náà sì ń ṣiṣẹ́. Kíkan ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé eléyìí ò lè pé ọ̀sẹ̀ kan.” Òótọ́ ló sọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó mú àpótí mi láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó nù ún, ó sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá. N kò bá a jà. Mo lọ sùn.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ṣe mọ́, eèrà ti tò dé òkè. Adìẹ wá láti ojúlé mẹ́ta. Ewúrẹ́ kan tí n kò mọ olówó rẹ̀ dúró níbẹ̀, ó ń lá páìpù. Omi funfun ti ṣàn sí ara ògiri aláwọ̀ ìyeyè náà láti àyà títí dé ilẹ̀, ó sì ti gbẹ. Ẹnìkan ti lọ ròyìn, nítorí pé kò tíì tó aago mẹ́jọ tí a fi gbọ́ ọ̀pá onílé.

“Who put eba for my wall?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti lo ìsọ̀kalẹ̀ mi ọjọ́ náà láti wá pàdé rẹ̀. Mo kí i. Mo ní, “Bàbá, no hole dey. You say no hole. We no put hole.”

Ó wo ògiri. Òótọ́ ni, kò sí ihò kankan. Inú bí i sí àìsí ihò náà. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó fi gún àpò tó wà láàárín. Ọ̀pá wọlé. Kò jáde mọ́. Bàbá fà á, ẹ̀bà fà á padà. Ẹlẹ́ja bá a fà á, lébìrà kan bá wọn fà á, ewúrẹ́ sún sẹ́yìn fún wọn. Bàbá arúgbó náà dúró láìsí ọ̀pá, ó wo ọ̀pá rẹ̀ tó nà gbalaja jáde láti ara ilé rẹ̀ bí ẹ̀ka igi, ó ní:

“Remove am. Remove am today. Put your hole!”

Mo bi í kí ó lè yé wa dáadáa pé, “New hole, Bàbá?”

“New hole! Old hole! Any hole!”

Mo ní kó jọ̀ọ́ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn àtẹ iṣẹ́ ni ó kọ ọ́ sí, ó sì fọwọ́ sí i.

Oníṣẹ́ páìpù dé láti Rumuokwurushi pẹ̀lú gàárì mẹ́fà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, irú èyí tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Àwọn lébìrà fi ṣọ́bìrì wa ẹ̀bà kúrò. Oníṣẹ́ páìpù lu ihò méjìlá, ó fi gàárì sí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó yí ìṣó wọlé. Gbogbo rẹ̀ kò gbà á tó àkókò tí a fi ń fa omi ìrọ̀lẹ́ kan. Ọmọ mi dúró tì í, ó ń ka gàárì náà bó ṣe ń kàn wọ́n, bí ẹni tó ń wo ìdánwò. Kò lọ ní ọjọ́ Ajé mọ́. Ó ní òun fẹ́ rí aago mẹ́fà.

Aago mẹ́fà lù. Gbogbo ilé jáde síta, títí dé ìyàwó ọlọ́pàá tó fi ọwọ́ ti ikùn rẹ̀. Pọ́ǹpù dún. Páìpù dúró. A ń retí kó gbọ̀n, kò gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọ mi rìn lọ síbẹ̀, ó yí padà, ó sì fi ẹ̀yìn tì í.

Mo ké láti òkè pé, “Ọmọ mi, kò nílò rẹ mọ́.”

“Mo mọ̀, Mọ́mì.”

Ibẹ̀ ló wà títí tí táǹkì fi kún. Nígbà tó gòkè, ó gbé àpótí mi padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì lọ wẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun nìkan ló wọ ọkọ̀. Gààrí tí òjò kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ní àárín àpò ìsàlẹ̀, tó ìdajì àpò kan. Ó ti dà á sínú ike fún mi lókè. Ó yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹ máa tọ́jú gaari yín o.”

N kò lè fi àmì sí ọ̀rọ̀ yẹn níbí, nítorí pé bó ṣe pè é, ó lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo la ẹnu láti tún un ṣe fún un. Mo wá ní ó dàbọ̀.